Orúkọ Ogún Aboyún ní Àtìkórí

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 2 oṣù kẹta, 1957

Ìpàdé Ẹgbẹ́ Atúnlùúṣe ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé. Ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Wolé-wolé ni àlejò tí ó bá wa sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ṣáláńgá ni ó sì fi wákàtí kan àti ààbọ̀ sọ. Ó ya àwòrán ihò sára pátákó, ó nù ún, ó tún un yà. Bàbá Mùbàṣírù, alága wa, sùn lọ lórí àga. Ìgbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́ ni ó jí, òun náà sì pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn èyí ni mo ka lẹ́tà káńsù. Agbẹ̀bí kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún apá ọ̀dọ̀ wa lọ́dún yìí. Àwa béèrè fún un, àwọn ará ìlú Awa náà béèrè fún un. Ìlú tí ó bá kọ́ ilé tí agbẹ̀bí yóò máa gbé, tí ó sì mú orúkọ ogún aboyún tí wọ́n ti gbà láti máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ wá, ìlú náà ni wọn yóò fún. Ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ni ìparí. Bàbá Mùbàṣírù, tí ó fi òwò pákó là, ní kí a kọ gbogbo pákó òrùlé sí òun lọ́rùn. A pàtẹ́wọ́. Ní ti orúkọ, wọ́n ní èmi ni kí n lọ kó o jọ, torí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. N kò mọ ohun tí ọwọ́ ìkọ̀wé ní í ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà.

Oòrùn mú. Kò tíì sí òjò.

Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 3

Lẹ́yìn ìsìn, Alàgbà Zechariah, olórí ìjọ wa, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ti gbọ́. Ó béèrè bóyá mo ṣì rántí pé nínú Aládùúrà tiwa a kì í lo oògùn, ìbáà ṣe ti ewé, ìbáà ṣe ti òyìnbó. Mo ní mo rántí. Mo ní iṣẹ́ ìlú ni iṣẹ́ ẹgbẹ́, ọ̀tọ̀ ni ti ìjọ. Ó wò mí títí, ó ní ó dára bí mo bá lè pín ara mi sí méjì.

Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè kọ ọ́: Sarah ìyàwó mi ti di abara méjì. Oṣù kẹta rèé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti bímọ fún mi, lọ́dún 1953 àti lọ́dún 1955. Kò sí èyí tí ó ké nínú àwọn méjèèjì. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo kọ ọ́ síbí kí ó má baà hàn lójú mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 7

Sìmẹ́ńtì ti di ṣílè méjìlá àpò kan. Mọ́kànlá ni lóṣù tó kọjá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 13

Mo gba àyè ọjọ́ méjì ní ilé ìlagi tí mo ti ń ṣe akọ̀wé, mo sì lọ sí Òde-Omi. Ní gbogbo agbègbè wa, kò sí àlejò tí ó lè bá obìnrin sọ̀rọ̀ ìbímọ bí kò ṣe Nọ́ọ̀sì Adédoyin tí ó wà níbẹ̀, òun ni mo sì lọ pè. Lọ́rì ni mo wọ̀ dé etí omi, ọkọ̀ tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà ni mo wọ̀ lẹ́yìn náà. Mo di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú títí ọwọ́ mi fi ń ro mí. Awọkọ̀ ní kí n rọra, ọkọ̀ náà kò ní sá lọ.

Nọ́ọ̀sì kúrú, kò sì ní sùúrù fún ọ̀rọ̀ gígùn. Ó jẹ́ kí n ka lẹ́tà mi dé ìdajì, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó parí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní òun yóò wá, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ni yóò jókòó síwájú, ọkùnrin á wà lẹ́yìn. Ní tiwa, ẹ̀yìn lẹ́bàá fèrèsé ni àwọn obìnrin ń jókòó láti ìgbà tí a ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Mo gbà láìbi alága léèrè. Wọ́n di ẹja gbígbẹ fún mi. Aṣọ mi ń rùn ún títí di bí mo ti ń kọ̀wé yìí.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 16

Mo to àga àwọn obìnrin síwájú. Àwọn àgbà ọkùnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo àyè wọn. Bàbá Mùbàṣírù ni ó kọ́kọ́ lọ jókòó sẹ́yìn, ó ní ibẹ̀ ni atẹ́gùn wà, ni àwọn yòókù bá tẹ̀lé e.

Nọ́ọ̀sì kò sọ̀rọ̀ tó ìdajì wákàtí. Ó ní ẹsẹ̀ tí ó bá wú, orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tí ó ń ṣú, ẹni tí ó bá rí èyíkéyìí nínú wọn, kí ó má jókòó sílé. Kò bú àgbo, kò bú omi àdúrà. Ó ní kí wọ́n máa mu omi wọn, kí wọ́n sì máa wá kí agbẹ̀bí yẹ̀ wọ́n wò.

Sarah wà níwájú láàárín àwọn obìnrin kíláàsì àgbà, àwọn tí Tísà Abigail ń kọ́ ní ìwé ní ọjọọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó nawọ́ sókè gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní kíláàsì.

Ó ní, “Ọmọ tí ó bá wá tí kò ké, ẹ̀bi ta ni?”

Nọ́ọ̀sì wò ó dáadáa.

Ó ní, “Kì í ṣe ẹ̀bi ìyá rẹ̀.”

Lẹ́yìn náà ni ó ṣàlàyé púpọ̀, n kò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ìwé iwájú mi ni mo tẹjú mọ́. Ohun tí mo kọ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé nìyí: “Obìnrin kan béèrè ìbéèrè. Olùbánisọ̀rọ̀ dáhùn.”

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 19

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí gba orúkọ. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń béèrè lójú ọ̀nà. Mo máa ń kí wọn, mo máa ń béèrè ara ilé, a ó sọ ti òjò tí kò rọ̀, lẹ́yìn náà obìnrin náà á wo ẹ̀yìn, á pa ilẹ̀kùn dé, á wá sọ orúkọ àti oṣù rẹ̀ sí mi létí. Mẹ́rin lónìí. Ọ̀kan nínú wọn ni Nimotalahi, ìyàwó Nọ́fíù tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe níwájú ilé-ìwé. Oṣù méjì péré. Ó ní ìyá ọkọ òun gan-an kò tíì mọ̀. Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀, inú ìwé ni yóò wà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 28

Mọ́kàndínlógún. Yèyé Asimawu aláṣọ, olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́, ní ó ku ẹyọ ẹnìkan, kí n wo ìtòsí mi dáadáa. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Kò sẹ́ni tí ó sọ fún un, ṣùgbọ́n ojú lásán ni irú wọn fi ń mọ̀ ọ́n.

Sarah kò bá mi sọ̀rọ̀ orúkọ rí. Èmi náà kò bá a sọ ọ́.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lónìí, díẹ̀. Eruku kò tilẹ̀ rin.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 30

Mo fẹ́ kọ ọ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀, láìfi nǹkan kún un.

Ọjọ́ ìdáwó ilé agbẹ̀bí ni. Àṣà wa ni pé ohunkóhun tí ó bá wọlé, a ó kà á sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ilé pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó mú un wá, a ó sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tí a kò bá ka orúkọ rẹ̀ kì í tún mú nǹkan wá mọ́. Mo ka páànù, mo ka ìṣó, mo ka ilẹ̀kùn kan àti fèrèsé méjì, mo ka àgbò tí àwọn alápatà fi ṣe ìrànlọ́wọ́. Àtẹ́wọ́ ń ró. Bí mo ti gbé ìwé kan kúrò ni mo ń mú èkejì. Èyí tí ó kàn ni ìwé àwọn aboyún, mo sì kà á bí mo ti ń ka àwọn yòókù: orúkọ obìnrin, orúkọ ọkọ, iye oṣù, “ẹ pàtẹ́wọ́ fún un.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mẹ́ta àkọ́kọ́ kí ọ̀rọ̀ tó yé wọn. Ìgbà tí mo dé orí ìkẹfà, kò sí ìró kankan mọ́. Mo kà á tán. N kò mọ ìdí tí n kò fi dúró. Ohun tí mo rò nígbà náà ni pé akọ̀wé kì í dá ìwé dúró ní àárín.

Oyún oṣù méjì, oyún oṣù mẹ́ta, ní gbangba, níwájú ọ̀rẹ́ àti ẹni tí kì í ṣe ọ̀rẹ́. Èmi tí mo fi tiwa pamọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí wá. Ìyá Nọ́fíù wà níbẹ̀, ó gbé aṣọ borí ó sì jáde. Nimotalahi tẹ̀lé e, ó ń sunkún. Nọ́fíù dìde. Ọmọlúàbí ènìyàn ni, ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ lọ sókè.

Ó ní, “Akọ̀wé, ẹ ti ka ti ìyàwó mi. Ti ìyàwó yín ńkọ́?”

Mo ní kò sí nínú ìwé.

Ó ní, “Mo rí i bẹ́ẹ̀.”

Ó jáde. Gbogbo ojú yí sí Sarah. Ó jókòó síbẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé itan, kò wo ẹnikẹ́ni. Bàbá Mùbàṣírù ní kí a gbàdúrà ìparí, bẹ́ẹ̀ aago márùn-ún kò tíì lù.

Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 31

Kí a tó jáde lọ sí ìsìn, ọkùnrin méje ti wá sí ẹnu ọ̀nà mi pé kí n pa orúkọ ìyàwó àwọn rẹ́. Wọ́n dúró tì mí títí mo fi fi gègé fà á.

Ajé, ọjọ́ 1 oṣù kẹrin

Àwẹ̀ Ramadan bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin méje mìíràn tún wá. Orúkọ ku márùn-ún.

Sarah sọ gbólóhùn kan nípa ọ̀rọ̀ náà láàárọ̀ yìí, bí ó ti ń gbá ilẹ̀. Ó ní ohun tí ó dun òun kò ju pé mo ka tiwọn sókè, mo sì fi tòun pamọ́ bí ohun ìtìjú. Mo ní kì í ṣe ìtìjú, ti ìjọ ni. Ó ní òun gbọ́. Ó ń gbá ilẹ̀ lọ.

Ẹtì, ọjọ́ 5

Mo lọ sọ fún Bàbá Mùbàṣírù pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ akọ̀wé sílẹ̀. Ó wà ní ìdí pákó rẹ̀, ẹnu rẹ̀ gbẹ nítorí àwẹ̀. Ó béèrè ta ni yóò bá mi kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ náà, torí pé nínú ẹgbẹ́ kò sí ẹni tí ó lè kọ ọ́ dáadáa àfi èmi. Ó ní kí n máa lọ sílé. Mo lọ sílé.

Nọ́fíù kò kí mi mọ́. Mo ń ti kẹ̀kẹ́ mi gba ẹ̀yìn ilé-ìwé kọjá.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 9

A gbọ́ pé Awa ti ní mọ́kànlá. A tún gbọ́ pé Nimotalahi ti lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, Awa ni ìyá náà sì wà. Bí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ sí tiwọn lọ́hùn-ún, a jẹ́ pé èmi ni mo fi í ránṣẹ́.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 13

Ìpàdé ní aago mẹ́ta nítorí ìṣínu. Tísà kan láti Agọ́-Ìwòyè wá sọ̀rọ̀ lórí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni, ènìyàn mẹ́tàdínlógún ni ó sì gbọ́ ọ. Obìnrin kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, Yèyé Asimawu, àárín iwájú ni ó jókòó sí, àga òfo yí i ká. Wọ́n ti kan òrùlé ilé agbẹ̀bí, ó dára láti wò. Ilé tí kò ní ẹni tí yóò gbé inú rẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 17

Yèyé Asimawu wá sílé mi ní ìrọ̀lẹ́, kí ó tó lọ ṣínu. Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ni ó ń sọ, bí a ti ń kọ ọ́ ní ilé-ìwé ni mo kọ ọ́ síbí. Ó ní àwọn obìnrin ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n fẹ́ agbẹ̀bí. Ẹni tí wọn kò fẹ́ ni èmi. Àwọn ni yóò gba orúkọ, lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kọ yóò kọ ọ́, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò tẹ̀ka, Tísà Abigail yóò sì tọ́ wọn sọ́nà. Inú àpòòwé ni ìwé náà yóò wà. Iye rẹ̀ nìkan ni ẹgbẹ́ yóò máa gbọ́.

Mo ní kí ni wọ́n wá ń fẹ́ lọ́wọ́ èmi.

Ó ní, “Ìwé funfun, àpòòwé ńlá kan, àti yíǹkì. Ojú rẹ, fi í sílé.”

Mo fún un. Sarah sìn ín sọ́nà, ó sì pẹ́ kí ó tó padà. Mo ti bu iyán mi jẹ fúnra mi kí ó tó dé. Mo ní kí ni wọ́n ń sọ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ aṣọ ni.

Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 21

Àjíǹde. Alàgbà Zechariah gbàdúrà sínú ìgò omi kan fún Sarah, kò béèrè ohunkóhun, kò sì pe orúkọ ohunkóhun. Sarah kúnlẹ̀ gbà á. Ó ń mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún

Ọdún Ìtúnu Àwẹ̀. Bàbá Mùbàṣírù fi itan àgbò kan ránṣẹ́. Òjò pọ̀, ọ̀nà ilé ìlagi ti di ẹrẹ̀, gẹdú kò wọlé láti ọjọ́ mẹ́ta. Iṣu ti wọ́n.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 8

Ẹsẹ̀ Sarah wú. Mo rí i nígbà tí ó ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà láàárọ̀. Ọ̀tún ju òsì lọ. Lọ́dún 1955 náà, bẹ́ẹ̀ ni ó wú.

Mo rántí ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ. Mo la ẹnu, n kò sọ ọ́. Mo lọ sí ibi iṣẹ́. Mo ṣe àṣìṣe mẹ́ta nínú ìwé gẹdú, ọ̀gá mi sì béèrè bóyá ibà ń ṣe mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 9

Mo lọ bá Alàgbà Zechariah ní ìsọ̀ rẹ̀ níbi tí ó ti ń rán bàtà. Mo sọ ti ẹsẹ̀ náà. Ó gbé bàtà sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí awọ gígé, ó sì gbàdúrà títí òógùn fi bò ó. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún mi, ojú rẹ̀ ò kúrò lára bàtà, pé ọmọ mẹ́ta ni òun ti sin, òun kò sì pe ẹnikẹ́ni fún ọ̀kankan nínú wọn. Mo fẹ́ bi í bóyá ó dùn ún. N kò bi í. Ó tún ki abẹ́rẹ́ bọ awọ.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 11

Yèyé Asimawu dìde ní ìpàdé, ó ní, “Mẹ́rìnlá,” ó sì jókòó. A pàtẹ́wọ́ fún mẹ́rìnlá. Gbogbo ọkùnrin ń wo ara wọn, ẹnikẹ́ni kò mọ ìyàwó ta ni. Àlejò òní kò wá, òjò dá a dúró ní Orù.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 25

“Mọ́kàndínlógún.”

Ọjọ́ mẹ́fà ni ó kù. Awa wà lórí méjìdínlógún, wọn kò sì tíì kan òrùlé. Bí Yèyé Asimawu ti sọ iye náà, ojú mi ni gbogbo wọn ń wò, àti ọkùnrin àti obìnrin. Àwọn obìnrin kan rẹ́rìn-ín músẹ́. N kò bínú sí wọn. Èmi náà mọ orúkọ tí ó kù.

Ajé, ọjọ́ 27

Mo ti pinnu láti ibi iṣẹ́ pé mo máa sọ ọ́. Sarah wà ní ilé ìdáná, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń rẹ́ ilá. Mo ní ó ku ẹnìkan kí ogún pé. Ó ní òun gbọ́. Mo dúró. Ó ń rẹ́ ilá. Ó ní, “Ṣé ẹ fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi ni?”

Mo ní rárá.

Òpè ni mí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè máa rí i. Ọdún méje ni mo ti fẹ́ obìnrin yìí, mo lè kọ lẹ́tà sí káńsù, mo lè kọ sí Ìbàdàn, n kò lè sọ fún un pé kí ó gbà mí láyè kí n bẹ̀rù fún un.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 29

Nígbà tí n kò lè bá tilé sọ̀rọ̀, mo lọ bá tìta. Mo ti kẹ̀kẹ́ mi gba iwájú ilé-ìwé. Nọ́fíù ń fẹ́ táyà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo fi ọdún mọ́kànlá jù ú lọ, àwọn olùkọ́ sì wà lójú fèrèsé. Mo ní ohun tí mo ṣe sí ìyàwó rẹ̀ kò dára. Mo ní n kò béèrè pé kí ó dárí jì mí nítorí ti agbẹ̀bí, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ti agbẹ̀bí náà pé, bí Nimotalahi bá lè padà wá láti Awa, Yèyé Asimawu ni kí ó lọ bá, n kò ní wà níbẹ̀.

Ó fẹ́ táyà náà tán, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. Mo rò pé yóò tún béèrè ti ìyàwó mi. Kò béèrè.

Ó ní, “Ẹ dìde, Akọ̀wé. Ẹrẹ̀ ti ba aṣọ yín jẹ́.”

Ó na ọwọ́ sí táyà mìíràn.

Ẹtì, ọjọ́ 31

Èmi àti Yèyé Asimawu wọ lọ́rì lọ sí ọ́fíìsì káńsù. Àpòòwé wà ní abẹ́ ìró rẹ̀, n kò rí i títí a fi dé ibẹ̀. Nígbà tí ó yọ ọ́, mo rí i pé wọ́n ti kọ 20 sí ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ gbéra láàárọ̀ ni Nọ́fíù dá kẹ̀kẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́rì, ó sì kí mi. Mo mọ ẹni tí ó sọ ọ́ di ogún. Inú mi dùn, ojú sì tì mí: a ti rí ogún láìfi ti Sarah kún un. Mo ti rí ọ̀nà sá fún bíbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá ibẹ̀ já àpòòwé. Ó fẹ́ máa kà á sókè, Yèyé Asimawu sì fi ọwọ́ bo ìwé náà mọ́lẹ̀, ó ní kí ó fi ojú kà á. Ó fi ojú kà á. Ó ní ó pé, ilé náà ti wà, ohun tí ó kù ni kí akọ̀wé ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ pé òun mọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí sí ará ìlú. Yèyé Asimawu wò mí. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Ìsàlẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Nọ́ńbà ogún, ìka Nimotalahi, Tísà Abigail sì kọ orúkọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo gbé ojú lọ sókè láti kà wọ́n. Nọ́ńbà kìíní kì í ṣe ìtẹ̀ka. Orúkọ ni, lẹ́tà ńláńlá, tí a fi ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé tẹ̀ mọ́ ìwé tí ó fi hàn ní ẹ̀yìn. Sarah Oyèbọ̀dé. Ọjọ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọjọ́ 17 oṣù kẹrin.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ṣé òun ni ó kọ́kọ́ kọ ọ́.

Yèyé Asimawu ní, “Báwo lo ṣe rò pé àwọn yòókù ṣe gbà?”

Ó wá sọ fún mi pé kò sí obìnrin tí ó fẹ́ fọwọ́ kan ìwé náà lẹ́yìn ohun tí mo ṣe. Wọ́n ní ẹni tí ó fi ti ilé rẹ̀ pamọ́ kò gbọdọ̀ rí tiwọn. Lọ́jọ́ tí ó wá gba àpòòwé ni Sarah tẹ̀lé e jáde, ìdí ọsàn lẹ́yìn ilé wa ni ó sì ti kọ ọ́, lórí ẹ̀yìn àwo. Wọ́n ń gbé ìwé náà kiri láti ilé dé ilé, orúkọ rẹ̀ sì ni wọ́n ń fi han ẹni tí ó bá ń ṣe iyè méjì.

Ọ̀gá káńsù béèrè bóyá mo mọ àwọn ènìyàn náà. Mo ní mo mọ̀ wọ́n. Mo fọwọ́ sí i. Yíǹkì kán sára apá aṣọ mi.

N kò tíì sọ fún Sarah pé mo rí i. Ó gbé oúnjẹ fún mi, ó béèrè ti ọ̀nà. Mo ní ọ̀nà dára. Lẹ́yìn oúnjẹ mo bu omi gbígbóná sínú bàsíà, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sí i, mo sì fọ̀ ọ́. Kò béèrè ìdí rẹ̀. Mo rò pé ó mọ̀. Mo sunkún díẹ̀, kò sì sọ pé kí n dákẹ́.

Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 2 oṣù kẹfà

Mo lọ sọ fún Alàgbà Zechariah kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní Sarah yóò máa lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí, èmi ni yóò sì máa sìn ín lọ. Ó na ọwọ́, mo gbé ìwé àkọsílẹ̀ ìjọ, tí èmi ni mo ń kọ, fún un. Ó ní kí n máa bọ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni kí n máa jókòó sí fún ìgbà díẹ̀. Mo ti fẹ́ jáde nígbà tí ó pè mí padà. Ó gbé ìgò omi kan fún mi. Ó ní kí Sarah mú un dání lọ.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 11

Nọ́ọ̀sì Adédoyin fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa, ẹlòmíràn ti lọ sí Òde-Omi. Ọjọ́ àkọ́kọ́ rèé. Obìnrin mẹ́tàlélógún. Mo ṣí agbòòrùn bo Sarah lórí, òjò ń rọ̀. Àwọn ọkùnrin dúró lábẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé-ìwé, Nọ́fíù wà láàárín wọn, ó sún fún mi kí n rí àyè dúró.

Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ ru jù. Kò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀, kò gbọdọ̀ gbé ẹrù, ó gbọ́dọ̀ máa dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án, ó sì gbọ́dọ̀ máa wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ó ní ó dára tí ó tètè wá. Kò ṣèlérí ohunkóhun, mo sì fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Ó ní òun gbọ́ ọkàn ọmọ náà. Sarah sọ fún mi lójú ọ̀nà, ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 22

Ìpàdé. Wolé-wolé tún wá, ó tún ya ihò.

Láàárọ̀, kí n tó lọ, mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ padà sí ọjọ́ 16 oṣù kẹta. Mo fi í han Sarah, ó ti lè kà á báyìí. Ó fi ìka tẹ̀lé e: “Obìnrin kan béèrè ìbéèrè.” Mo ní mo fẹ́ tún un kọ, bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ kọ ọ́. Ẹ má kà á.”

Mo fa ìlà gba orí ti àtijọ́, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: Sarah Oyèbọ̀dé, ìyàwó akọ̀wé, béèrè pé ọmọ tí ó bá wá tí kò ké, ẹ̀bi ta ni. Olùbánisọ̀rọ̀ ní kì í ṣe ẹ̀bi ìyá rẹ̀. Ní ìpàdé, Bàbá Mùbàṣírù béèrè bóyá akọ̀wé ní àtúnṣe kankan tí ó fẹ́ kà sí wa létí. Sarah wà níwájú pẹ̀lú àwọn obìnrin yòókù. Mo ní kò sí.